Ìtànṣán lè tọ́jú kókó inú ọpọlọ láìla orí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tóbi kí ẹ tó béèrè

Ọ̀rọ̀ tí dókítà máa ń sọ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí tó wà nínú yàrá á fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé, "A rí kókó kan nínú ọpọlọ màmá yín, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ." Kí wọ́n tó délé, ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé màmá lọ sórí òkè àdúrà. Ẹlòmíì ní òun mọ bàbá kan tó ń fi ewé àti egbò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àbúrò tó ń gbé ní Abuja wá fi fídíò kan ránṣẹ́: ẹ̀rọ ńlá kan lókè òkun, aláìsàn dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀, nígbà tó yá, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé, "Ṣé ẹ rí i? Wọn kì í la orí mọ́ láyé òde òní."

Òótọ́ wà nínú fídíò náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́ ló wà níbẹ̀. Ìtọ́jú yẹn wà lóòótọ́, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń lò ó. Ohun tí fídíò kì í sọ ni pé kókó tó ṣì kéré ni ó bá mu jù lọ. Ẹni tó bá torí ìbẹ̀rù ọ̀bẹ sá fún ilé ìwòsàn fún ọdún méjì, tó wá padà wá béèrè ìtànṣán, lè bá a pé kókó náà ti dàgbà kọjá ohun tí ìtànṣán lè dá nìkan ṣe. Ọ̀bẹ tó ń sá fún yẹn náà ló wá kù. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tó ń bẹ̀rù iṣẹ́ abẹ jù ló yẹ kó tètè wá sílé ìwòsàn jù.

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe ìtọ́jú náà ni radiosurgery. Lars Leksell, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan láti orílẹ̀-èdè Sweden, ló fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1951. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nígbà náà léwu ju ti òní lọ fíìfíì, ó sì ń wá bí òun ṣe lè dé ibi tó jìn nínú ọpọlọ láì ṣí agbárí. Òun àti onímọ̀ físíìsì kan, Börje Larsson, jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí títí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stockholm lọ́dún 1968. Gamma Knife ni wọ́n pè é. Ọ̀bẹ wà nínú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀bẹ kankan nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni cobalt, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, tí wọ́n tò sí ojú ọ̀nà 179 yí orí aláìsàn ká. Ẹ̀rọ irú rẹ̀ tòde òní ní ojú ọ̀nà 192.

Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ènìyàn 192 ló ń pọn omi sínú àmù kan láàárín ìlú, tí oníkálùkù gba ọ̀nà tirẹ̀ wá, tó sì gbé ife omi kan péré lọ́wọ́. Bí omi díẹ̀ bá tilẹ̀ ta sílẹ̀, kò sí ọ̀nà kankan tí yóò di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n àmù á kún. Bí àwọn ìtànṣán wọ̀nyí ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lágbára tó láti ṣe ibi tó gbà kọjá nínú ọpọlọ ní jàǹbá kan tó ṣe gbòógì. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni agbára wọn ti para pọ̀, orí kókó náà sì ni wọ́n máa ń fi ibi ìpàdé yẹn sí. Àṣìṣe tí wọ́n gbà láàyè kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Radiotherapy tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, èyí tí ènìyàn ń lọ gbà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀ ló ń fún ara ní ìtànṣán, ó sì máa ń kan ibi tó fẹ̀ ju kókó lọ. Eléyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni nígbà púpọ̀, kì í sì í sábà ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ.

Ìtànṣán náà kì í jó kókó bí iná ṣe ń jó igi. DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kókó ló ń já, tí sẹ́ẹ̀lì náà kò fi ní lè bí sí i mọ́. Àwọn kan á kú díẹ̀díẹ̀, àwọn mìíràn á kàn wà níbẹ̀ láìpọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí kókó kì í fi í pòórá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, MRI lè fi hàn pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ lè wú díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Mọ̀lẹ́bí tí kò bá mọ èyí á ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Fún kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí ó má dàgbà mọ́ ni ohun tí à ń wá. Kókó tó jókòó jẹ́ẹ́ fún ogún ọdún láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ìwòsàn ni mo kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Kókó kan wà tó máa ń hù lórí iṣan tó ń gbé ìgbọ́ràn àti ìdúró-déédéé láti inú etí lọ sí ọpọlọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í yára dàgbà. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò le rárá: etí kan á máa hó, ìgbọ́ràn rẹ̀ á máa dín kù, ẹni náà á kàn ṣàkíyèsí pé òun ti ń gbé fóònù sí etí kejì. Yóò lọ ra oògùn etí ní kẹ́míìsì. Yóò fọ etí. Ọdún kan á kọjá, ọdún kejì á tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá rí irú kókó yìí nígbà tí kò tíì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, èyí tí ẹ lè fi wé àgbálùmọ̀ kékeré, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Wọ́n lè máa fi MRI ṣọ́ ọ, torí àwọn kan kì í dàgbà rárá. Wọ́n lè fi ìtànṣán lé e, tí yóò sì dá dúró lára ènìyàn tó lé ní 90 nínú 100. Wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Èmi kò ní sọ fún yín pé ìtànṣán kò ní ìṣòro tirẹ̀: ìgbọ́ràn etí yẹn lè máa lọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó kò dàgbà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kókó náà bá ti tóbi, tó ti ń ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí ẹni náà ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó ṣe ń rìn, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ á ti dín kù gidi gan-an.

Kókó inú awọ tó bo ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní meningioma, wà lára àwọn tí ìtànṣán yìí ń ṣiṣẹ́ fún. Kókó pituitary náà wà níbẹ̀, pàápàá èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tún ń lò ó fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn nínú ọpọlọ, tó lè bẹ́ nígbàkigbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì sí mẹ́ta ló máa ń gbà kí wọ́n tó dí pátápátá. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi sọ́kàn jù ni ti jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wọ ọpọlọ. Obìnrin tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, tí gbogbo ilé ti ṣọpẹ́, tí orí fífọ́ tuntun wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ má sọ pé ibà ni. Bí ojú ibi tí jẹjẹrẹ dé nínú ọpọlọ kò bá pọ̀, wọ́n lè dojú ìtànṣán kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, dípò kí wọ́n fi ìtànṣán bo gbogbo ọpọlọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí ìtànṣán tó bo gbogbo ọpọlọ máa ń ṣe àkóbá fún ìrántí. Ẹni tó ṣì lè rántí orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ayé rẹ̀ yàtọ̀.

Kì í ṣe ọpọlọ nìkan mọ́. John Adler, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leksell, ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CyberKnife, tí apá róbọ́ọ̀tì ń gbé yípo ara aláìsàn. Ní 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú ènìyàn ní fásitì Stanford. Àwọn ẹ̀rọ radiotherapy tó ń lo iná mànàmáná, tí wọ́n ń pè ní linac, náà ti di èyí tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá ní ohun èlò àti òṣìṣẹ́ tó yẹ. Wọ́n ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, àti jẹjẹrẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn.

Jẹjẹrẹ prostate, èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PACE-B, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, fi ìtànṣán alágbára ọjọ́ márùn-ún wé èyí tí wọ́n ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí bíi mẹ́jọ, lára ọkùnrin 874. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò padà jẹ́ 95.8 nínú 100 lápá kan, 94.6 lápá kejì. Ẹ ronú ohun tí ọjọ́ márùn-ún túmọ̀ sí fún bàbá tó ń ti Lọ́kọ́ja wọkọ̀ lọ sí Abuja, tó ní láti wá ibi tí yóò sùn, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ṣì wà nínú prostate nìkan ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ní tiwa, púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tí egungun ẹ̀yìn bá ti ń dùn wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ yà bàrá díẹ̀ níbí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè. Fibroid kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀gẹ̀ kò sí níbẹ̀, kókó ọ̀rá abẹ́ awọ kò sí níbẹ̀. Bí kókó bá wà nínú ọmú, ìtànṣán yìí kọ́ ni ẹ óò fi rọ́pò iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ń polówó ẹ̀rọ kan lórí Facebook pé ó ń fi ìtànṣán yọ gbogbo oríṣi kókó, ẹ sá fún un.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀bẹ gan-an, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá ti ibẹ̀ kórìíra dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ abẹ ló tọ́, tí kò sì sí nǹkan tó lè rọ́pò rẹ̀. Bí kókó bá tóbi tó ń ti ọpọlọ, tí aláìsàn ń bì, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ, kò sí ìtànṣán tó lè dín ẹrù yẹn kù lọ́sẹ̀ yìí. Oṣù ni ìtànṣán ń kà, ọ̀bẹ ń kà wákàtí. Bí omi inú ọpọlọ bá dí, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà fún un. Bí a kò bá sì mọ irú kókó tó jẹ́, wọ́n lè ní láti gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà púpọ̀, ìtọ́jú méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀: dókítà oníṣẹ́ abẹ á yọ èyí tó pọ̀ jù, á fi ìwọ̀nba tó lẹ̀ mọ́ iṣan pàtàkì sílẹ̀, ìtànṣán á wá bójú tó ìyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé iṣẹ́ abẹ ni, ẹ béèrè ìdí. Ẹ béèrè bóyá ìtànṣán lè ṣe é. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yin òbí ọmọ kékeré, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà, ìtànṣán sì lè dí ìdàgbà yẹn lọ́wọ́, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí àwọn dókítà máa ń sa gbogbo ipá wọn láti má fún ní ìtànṣán rárá. Fún ọ̀pọ̀ kókó inú ọpọlọ ọmọdé, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ oògùn tàbí ìtànṣán. Ohun tó wà lọ́wọ́ òbí ni kó tètè rí àmì rẹ̀. Ọmọ tó ń jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, tó ń bì, tí ara rẹ̀ á wá yá tó bá di ọ̀sán, tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ tó wá ń ṣubú. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ọwọ́ tí orí rẹ̀ ń tóbi kíákíá. Ẹ má fi oògùn ibà mẹ́ta-mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn nítorí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kí ẹ sì ka àmì wọ̀nyí fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ ìtọ́jú gan-an, ohun tí aláìsàn ń rí kò tó ohun tó ti ń fojú inú rò. Bó bá jẹ́ Gamma Knife, wọ́n lè fi férémù irin kan mọ́ orí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ojú ibẹ̀ kú. Ibi yẹn gan-an ló ń dunni díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń lo ìbòjú oníke tí wọ́n mọ bí ojú aláìsàn ṣe rí, kí orí má baà yẹ̀. Wọn á ya MRI tàbí CT, onímọ̀ físíìsì àti dókítà á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ṣètò ibi tí ìtànṣán yóò gbà. Aláìsàn á wá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, ó lè bá wọn sọ̀rọ̀. Kò ní gbọ́ kí nǹkan gbóná, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló ń sùn sílé ara wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ọmọ ń béèrè jù lẹ́yìn rẹ̀ ni pé, ṣé mo lè gbé ọmọ mi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtànṣán náà ń ti ìta wọlé, ó sì ń dópin lọ́gán tí ẹ̀rọ bá ti dáwọ́ dúró. Kò sí nǹkan kan tó kù lára yín tó lè ran ọmọ tàbí ọkọ. Ẹ lè jọ sùn lórí ibùsùn kan, ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan. Àwọn tó ń gba ìtànṣán olómi tàbí oníhóró fún àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n jìnnà sọ́mọdé fún ọjọ́ mélòó kan, ohun ọ̀tọ̀ nìyẹn. Irun kì í sábà re, àfi bí kókó bá wà nítòsí awọ orí.

Àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n sọ fún yín pé kò ní àtúnbọ̀tán kankan. Orí fífọ́ àti àárẹ̀ wọ́pọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibi tí ìtànṣán ti kọlu lè wú, ó sì lè fa orí fífọ́, wárápá tàbí kí apá kan rọ. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, kó sì gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀.

Níbo ni a ti lè rí i? Egypt àti Morocco ti ní Gamma Knife láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, linac ni ìrètí wa. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó lọ́dún 2019, National Hospital ní Abuja náà ń ṣe radiotherapy. Ghana ní tirẹ̀ ní Accra àti Kumasi, Abidjan ṣí tirẹ̀ ní 2018, Dakar náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn ní linac kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣe ìtànṣán alójú-kan yìí. Ó gba onímọ̀ físíìsì tó mọ bí a ṣe ń wọn ìtànṣán tín-ínrín, ó gba MRI tó dáa, ó gba ohun tó ń mú ara dúró sójú kan. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe é fún irú kókó tiyín, àti iye tí wọ́n ti ṣe.

Nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì, IAEA, dá ètò Rays of Hope sílẹ̀ ní 2022, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó lé ní 20 ni kò ní ẹ̀rọ radiotherapy kankan. Benin, Niger àti Senegal wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú. Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí kò ní nǹkan kan, a sì máa ń fi ìyẹn tu ara wa nínú. Ìṣòro tiwa ni pé ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù la máa ń kà, a kì í ka ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Linac kò ní sùúrù fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Cobalt ní tirẹ̀ ń dín agbára kù fúnra rẹ̀, ìdajì á lọ ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, ì báà ṣe pé wọ́n fi tọ́jú ènìyàn tàbí pé ó jókòó sínú ilé tí wọn ò tíì fa iná sí. Olóṣèlú tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe kámpéènì, ẹ bi í pé ta ni yóò máa san owó àtúnṣe ní ọdún kẹta, ta ni onímọ̀ físíìsì tí yóò máa lò ó, àti pé iye owó oṣù wo ni wọn yóò máa san fún un kó má baà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí London.

Àwọn ilé ìwòsàn wa náà ní iṣẹ́ láti ṣe, kò sì gba owó púpọ̀. Bó ṣe rí báyìí, ẹni tí aláìsàn bá kọ́kọ́ pàdé ló ń pinnu ọ̀nà tí yóò gbà. Ó yẹ kí dókítà oníṣẹ́ abẹ, dókítà onítànṣán àti ẹni tó ń ka àwòrán jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí mọ̀lẹ́bí sì gbọ́ gbogbo ọ̀nà tó wà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé ìwòsàn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ oríire ẹnì kan. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé kókó inú ọpọlọ náà yẹ kó wọlé, torí ìtọ́jú ọjọ́ kan tó lè jẹ́ kí ìyá ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ kò yẹ kó di ohun tí wọ́n ń ta ilẹ̀ fún.

Ní ti ilẹ̀ títà, ẹ dúró ná. Àwọn alágbàtà wà tó ń ṣètò ìrìn-àjò lọ sí India, tí owó ti ń wọ àpò wọn kí ẹnikẹ́ni tó wo àwòrán kókó náà. Àwọn mìíràn ti dé ibẹ̀ tán kí wọ́n tó gbọ́ pé kókó ti tóbi jù fún ìtànṣán, iṣẹ́ abẹ ni, èyí tí wọn ì bá ti ṣe nílé. Kò sí ìdí fún un. Àwòrán ń rìnrìn-àjò láì gba físà. Ẹ gba díìsìkì MRI yín, kì í ṣe bébà èsì nìkan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú onítànṣán, ti ilé àti ti òkèèrè, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹ béèrè bí kókó náà ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ya á. Èyí tó bá tún wáyé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ní kí wọ́n fi wé ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣírò owó ìtọ́jú, ẹ fi owó MRI ẹ̀yìn ìtọ́jú kún un: ti oṣù kẹfà, ti ìparí ọdún kìíní, àti ti ọdọọdún fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́.